Abọ́ Ìpara Wa

Ẹsẹ̀ ọ̀tún mi ló ń bọ́ mi. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mo ti ń fi tẹ ẹ̀rọ ìránṣọ, òun náà ni mo tẹ̀ títí ọmọ mi fi kàwé jáde. Bí egbò bá fẹ́ wá sára mi, ṣebí ẹsẹ̀ òsì wà níbẹ̀ tí kì í ṣiṣẹ́ kankan? Rárá o, ọ̀tún ló yàn láàyò. Ó jókòó sí àtẹ́lẹsẹ̀, nídìí àtàǹpàkò, ó fẹ̀ tó bọ́tìnnì kóòtù, ó sì ti lé lọ́dún méjì tí a jọ ń gbé. Àtọ̀gbẹ ló pè é wá, kò sì sẹ́ni tó mọ ẹni tó máa lé e lọ. Mo fọ̀ ọ́, mo dì í, mo bẹ̀ ẹ́, mo bú u. Kò dá mi lóhùn.

Dókítà oníṣẹ́ abẹ ní tiẹ̀ kò bẹ egbò rárá. Ó wo ẹsẹ̀ mi lẹ́ẹ̀kan, ó yọ bíírò lápò, ó sì fa ìlà yí ọrùn ẹsẹ̀ náà ká.

"Tí egbò yìí ò bá tíì panu dé láàárín oṣù mẹ́ta, Mà, ibí la máa gé e."

Èmi aránṣọ ni wọ́n ń fa ìlà sí lára! Ta ló mọ ohun tí ìlà túmọ̀ sí jù mí lọ? Tí mo bá ti fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà sórí aṣọ, sísọ́ọ̀sì ló kàn. Odindi ọ̀sẹ̀ kan ni mo fi ń fi kànìnkànìn ha ìlà yẹn, bí mo ṣe ń ha á ni mò ń sunkún.

Ọmọ mi obìnrin ló gbọ́ pé nílé ìwòsàn yẹn kan náà, wọ́n ń ṣe ìwádìí lórí ìpara tuntun fún egbò tó bá kọ̀ tí kò jinná. Ó fà mí lọ síbẹ̀ bí ẹni fa ewúrẹ́. Ọ̀dọ́kùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan ni dókítà tó ń ṣe ìwádìí náà. Rúlà kì í kúrò ní àpò àyà rẹ̀, mo sì gbà pé ó ń gbé e sùn ni. Dókítà Onírúlà la máa ń pè é tó bá ti kọjá lọ.

Ó tò wá sórí bẹ́ńṣì gígùn kan ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, àwa méjìlá, egbò méjìlá. Ó ṣàlàyé fún wa pé gbogbo ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni a óò máa wá, tí olúkúlùkù á sì gba ike funfun kékeré kan tí nọ́ńbà rẹ̀ wà lára. Oògùn wà nínú ike àwọn mẹ́fà nínú wa. Ìpara lásán ló wà nínú ti àwọn mẹ́fà yòókù. Àwọ̀ kan náà ni, òórùn kan náà. Òun alára kò mọ èwo ni ti ta, torí pé ìwé tí wọ́n kọ ọ́ sí wà nínú àpò tí wọ́n fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ pa, àpò náà sì wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù onírin lọ́dọ̀ akọ̀wé kan lókè, obìnrin tí kò sẹ́ni tó rí eyín rẹ̀ rí.

Mo nawọ́. "Dókítà, ṣé ẹ fẹ́ sọ pé èmi lè máa fi ìpara lásán tan ara mi jẹ fún oṣù mẹ́ta?"

"Ó lè rí bẹ́ẹ̀, Mà. Tá ò bá ṣe bẹ́ẹ̀, a ò ní mọ̀ bóyá oògùn ló ṣiṣẹ́ ni, àbí ara ló tún ara ẹ̀ ṣe."

"Ta ló bẹ̀ yín pé kẹ́ ẹ mọ̀? Ẹ fún gbogbo wa lóògùn, ká jinná, ká máa lọ sílé wa!"

Bàbá kan tó jókòó tì mí pàtẹ́wọ́. Ọ̀gá ilé ìwé tó ti fẹ̀yìn tì ni, gìgísẹ̀ ni egbò tiẹ̀ wà, Tíṣà ni gbogbo ayé ń pè é. Dókítà rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní tá a bá ti mọ̀ dájú pé oògùn náà ń ṣiṣẹ́, ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn ni kò ní pàdánù ẹsẹ̀ mọ́. Ẹnu mi wọlé. Ó wá sọ àwọn òfin: ká fi pa á láàárọ̀, ká fi pa á nírọ̀lẹ́, ká dì í, kó má tutù. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ níwájú èmi nìkan.

"Ẹ jọ̀ọ́, Mà, ẹ má fi ẹsẹ̀ yìí tẹ ẹ̀rọ o. Ẹ jẹ́ kó sinmi."

"Mo ti gbọ́."

Mo sì gbọ́ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n àwọn ilé ìwé ti fẹ́ wọlé, méjìdínláàádọ́ta aṣọ ọmọ ilé ìwé ló wà nílẹ̀ tí mo ti gé tán. Gbogbo ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni dókítà ń béèrè pé, "Ṣé ẹsẹ̀ ń sinmi, Mà?" Màá ní, "Ó ń sinmi dáadáa." Irọ́ kọ́, ó ń sinmi nígbà tí mo bá ń sùn.

Ẹnì kejì tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ mọ̀ lórí bẹ́ńṣì yẹn ni Bàbá Aláago, tó ń tún aago ṣe. Ojúgun ni egbò tiẹ̀. Èèyàn jẹ́jẹ́ ni, àfi pé aago ara ògiri ọ̀dẹ̀dẹ̀ yẹn fi ìṣẹ́jú méje yára, kò sì jẹ́ kó gbádùn. Ojú àti ìka ló fi ń ṣiṣẹ́. Tó bá ti jókòó ti tábìlì rẹ̀ láàárọ̀, á gbé ẹsẹ̀ lé àpótí, ó di ìrọ̀lẹ́ kó tó sọ̀ ọ́ kalẹ̀.

Ní ọ̀sẹ̀ kẹrin, dókítà wọn egbò wa bó ṣe máa ń ṣe. Yóò tẹ́ ọ̀rá kan tó mọ́ gaara lé egbò, á fi bíírò fa ìlà yí i ká, á wá fi rúlà sí i. Nígbà tó kan Bàbá Aláago, ó wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀mejì. Egbò ti fi ìdajì dín kù! Ó kan èmi. Tèmi ti fi bí orí abẹ́rẹ́ fẹ̀ sí i.

Mo kí Bàbá Aláago kú oríire. Ẹnu mi ló kí i, inú mi ò sí níbẹ̀. Kí n má parọ́, ìlara fẹ́rẹ̀ẹ́ bẹ́ mi nínú. Kí ni ẹni tó ń tún aago ṣe fẹ́ fi ẹsẹ̀ ṣe? Mo dé ṣọ́ọ̀bù mi tó wà lódìkejì géètì ilé ìwòsàn, mo jókòó sáàárín aṣọ ọmọ ilé ìwé, mo ń sunkún.

Kò pẹ́ sígbà náà ni Bàbá Aláago tiro wọlé. Ó gbé ike rẹ̀ lé orí tábìlì mi.

"Ìyá Aránṣọ, ẹ gbé tiyín wá."

"Kí lẹ fẹ́ fi ṣe?"

"Ojú tèmi tiyín ló ṣe. Oògùn gidi ló bọ́ sí mi lọ́wọ́. Àjọjẹ ò dùn bẹ́nì kan ò ní. Ẹ jẹ́ ká pò ó pọ̀, ká pín in sí méjì."

Mo wo ọkùnrin yìí, ojú tì mí débi pé mo fi kọ́là aṣọ ọmọ ilé ìwé nu imú. Tíṣà ló bá wa níbi tí a ti ń pò ó. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó na ọ̀pá rẹ̀ sí wa.

"Kí lẹ̀ ń ṣe yẹn?"

Bàbá Aláago ṣàlàyé pẹ̀lú ohùn jẹ́jẹ́. Tíṣà gbọ́ ọ tán, ó kó ojú jọ.

"Ìwà tí ò dáa nìyẹn. Ẹ̀yin méjì péré? Àwọn mẹ́wàá tó kù ńkọ́?"

Bí ọ̀rọ̀ abọ́ ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Mo ní abọ́ ike aláwọ̀ ewé kan tí mo máa ń kó bọ́tìnnì sí. Mo da bọ́tìnnì nù, mo fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹta. Láti ọ̀sẹ̀ karùn-ún, bí àwa méjèèjìlá bá ti gba ike wa tán, a ó tiro sọdá títì lọ́kọ̀ọ̀kan kí wọ́n má baà fura. Ẹ fojú inú wo elégbò méjìlá tí wọ́n ń tiro sọdá títì kan náà, sí ṣọ́ọ̀bù kan náà, ní ọjọ́ kan náà, tí olúkúlùkù ń wo ojú ọ̀run bí ẹni tó ń wá ẹyẹ. A óò da gbogbo ike sínú abọ́. Tíṣà ló ń pò ó. Ó ń pe orúkọ, ó ń fi ṣíbí bù ú, ó sì ń fi etí rúlà tiẹ̀ tẹ́ ojú ṣíbí náà kí ti ẹnì kan má baà ga ju ti ẹnì kejì lọ. Ẹni tó bá pẹ́ dé, òun ló kẹ́yìn ìlà. Ẹni tó bá ṣàríwísí, Tíṣà á ní kó dìde dúró. Àwọn àgbà tó ti ní ọmọ-ọmọ ń bá ara wọn jà lórí ẹni tó kàn láti fi ìka nu ìdí abọ́.

Ní ọ̀sẹ̀ keje, wàhálà dé. A ti da ike sínú abọ́, gbogbo wa wà níta tí à ń wo aago tuntun tí Bàbá Aláago gbé wá. Nígbà tí a wọlé padà, a bá ọmọ mi lórí àga, ó ti ibi iṣẹ́ dé, ara rẹ̀ ń dán.

"Màmá, ìpara yín yìí mà dáa o! Níbo lẹ ti rà á?"

Ó ti fi pa ìgúnpá méjèèjì, ó fi pa gìgísẹ̀, ó tún ti bẹ̀rẹ̀ sí í fi pa ọrùn. Ariwo tí a pa, ẹni tó ń kọjá lọ ní títì dúró. Tíṣà nìkan ni kò pariwo. Ó ní kí ọmọ na ọwọ́, ó fi etí rúlà ha ìgúnpá kan, ó ha èkejì, ó dá ìpara padà sínú abọ́, ó bẹ̀rẹ̀ sí í pe orúkọ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ fún dókítà kankan.

Ohun tó dùn mí ni pé ara gbogbo wọn ń yá díẹ̀díẹ̀, àfi èmi. Wọ́n ṣàánú mi. Bàbá Aláago bẹ̀rẹ̀ sí í fún mi ní ìdajì ṣíbí tiẹ̀. Tíṣà náà fún mi ní díẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó kọ́kọ́ sọ pé ìwọ̀n gbogbo wa gbọ́dọ̀ dọ́gba. Mò ń dúpẹ́, mò ń fi pa egbò, mò ń padà sídìí ẹ̀rọ.

Ní ọ̀sẹ̀ kẹwàá, Dókítà Onírúlà jáde wá sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, rúlà ò sí lápò rẹ̀. Ẹ̀rù bà mí. Ó jókòó sórí bẹ́ńṣì láàárín wa bí ọ̀kan nínú wa.

"Àwọn tó ń ṣe ìṣirò lókè ti bá mi sọ̀rọ̀," ló wí. "Ní oṣù àkọ́kọ́, àwọn tó ń lo oògùn ṣáájú. Láti ìgbà náà, kò sí ìyàtọ̀ mọ́. Ó jọ pé oògùn ò ṣiṣẹ́. Àwọn ọ̀gá tó gbé iṣẹ́ yìí fún mi ń bọ̀ ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó ń bọ̀. Wọ́n máa dá a dúró, wọ́n á da ìpara tó kù nù."

Ó wo ọwọ́ ara rẹ̀.

"Irú egbò yìí ni màmá mi ní. Ẹsẹ̀ kan ni wọ́n fi gbé ọdún méje tó kẹ́yìn ayé wọn. Mo rò pé mo ti rí oògùn rẹ̀ ni. Ẹ má bínú sí mi."

Ó ń bẹ̀ wá! Àwa tí a fi abọ́ wa ba iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́! Mo wo Tíṣà, Tíṣà wo ilẹ̀. Mo wo Bàbá Aláago, òun ń wo aago ògiri.

Nígbà tí a dé ṣọ́ọ̀bù, wọ́n ní ká panu mọ́, pé wọ́n lè ní ká wá jẹ́jọ́. Mo gbà pẹ̀lú wọn. Ṣùgbọ́n ọ̀sẹ̀ yẹn kò rọrùn fún mi. Tí wọ́n bá da ìpara nù, kí ló kù fún ẹsẹ̀ mi ju ìlà bíírò lọ? Ẹni bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, mo gbé abọ́ aláwọ̀ ewé náà, mo fi ṣíbí sínú rẹ̀, mo gbé e sábẹ́ apá, mo sì tiro kọjá bẹ́ńṣì lọ tààrà sí ọ́fíìsì dókítà. Mo gbọ́ tí bẹ́ńṣì ń ké lẹ́yìn mi. Gbogbo wọn ti dìde, wọ́n ń tẹ̀ lé mi.

Ìyá àgbà kan tó wọ gíláàsì wà níbẹ̀ pẹ̀lú ọkùnrin onítáì kan. Àwọn ọ̀gá náà nìyẹn. Mo gbé abọ́ lé orí ìwé wọn.

"Oògùn yín ń ṣiṣẹ́," ni mo wí. "Àwa la pín in."

Mo rò ó fún wọn látòkè délẹ̀: abọ́, ṣíbí, rúlà Tíṣà. Mo fi ti ìgúnpá ọmọ mi sílẹ̀, Tíṣà ló sọ ọ́, torí pé olóòótọ́ ni. Dókítà Onírúlà wá ibi tó máa jókòó sí, orí ìwọ̀n tí wọ́n fi ń wọn aláìsàn ni ó jókòó lé, ìwọ̀n náà sì ń sọ iye kílò rẹ̀ fún wa.

"Gbogbo yín?" ni ìyá onígíláàsì béèrè.

"Àwa méjèèjìlá, Mà," ni Bàbá Aláago dáhùn. "Ẹ má bínú. A ò lè máa wo ara wa níran."

Ìyá náà yọ gíláàsì. Mo rò pé ó fẹ́ sunkún ni. Ẹ̀rín ló ń rín, ó rín in títí ó fi di tábìlì mú. Nígbà tó sinmi, ó ní ìwádìí ti àwa ti bàjẹ́ kọjá àtúnṣe, wọ́n á kúkú ṣí àpò ìwé náà, kí wọ́n wo oṣù àkọ́kọ́ tó ṣáájú abọ́. Wọ́n ránṣẹ́ sókè. Akọ̀wé tí kì í rẹ́rìn-ín gbé àpò wá, ó ya á, ó ń kà.

"Nọ́ńbà kẹta, aránṣọ: oògùn."

Mo rò pé nọ́ńbà ẹlòmíràn ló kà.

"Nọ́ńbà keje, aláago: ìpara lásán."

"Ẹ tún un kà," ni Bàbá Aláago wí. Ó tún un kà. "Ìpara lásán? Ìpara lásán ni mo fi ń lawọ́ látọjọ́ yìí?" Ó yíjú sí mi, omi lé ròrò sí i lójú. "Ìyá Aránṣọ, oògùn yín la gbà lọ́wọ́ yín!"

Wọ́n kà á tán. Mẹ́fà nínú wa ló gba oògùn. Ní oṣù àkọ́kọ́ yẹn, egbò àwọn márùn-ún nínú wọn sáré kéré bí aṣọ tí wọ́n sè lómi gbígbóná. Ẹnì kan péré ni tiẹ̀ ò dín kù. Dókítà Onírúlà dìde kúrò lórí ìwọ̀n. Ó bẹ̀rẹ̀ níwájú mi bó ṣe bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ àkọ́kọ́.

"Mà. Ṣé ẹsẹ̀ ń sinmi?"

Gbogbo bẹ́ńṣì ń wò mí. Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ máa bá a. Tèmi ò tilẹ̀ tó ọ̀sẹ̀ méjìlá.

"Méjìdínláàádọ́ta aṣọ ọmọ ilé ìwé," ni mo wí. "Mo ti rán mẹ́rìnlélógójì."

"Òdo nínú ọgọ́rùn-ún!" Tíṣà fi ọ̀pá gún ilẹ̀. "A fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀, à ń pa làpálàpá! Mo bu ṣíbí tèmi fún ọ o, obìnrin yìí!"

Mi ò lè bínú sí i. Ẹni tí ìpara lásán wà lọ́wọ́ rẹ̀ gbé ẹsẹ̀ lé àpótí, egbò ń sá lọ. Èmi tí oògùn wà lọ́wọ́ mi láti ọjọ́ kìíní, mò ń fi pa egbò láàárọ̀, mo sì ń fi ẹ̀rọ tẹ̀ ẹ́ jáde kí ilẹ̀ tó ṣú. Ojú tì mí, mo sì sunkún níwájú àwọn àlejò.

Ìyá onígíláàsì kò dá iṣẹ́ náà dúró. Ó fún dókítà ní bẹ́ńṣì tuntun àti èèyàn tuntun, ó ní kí wọ́n má ṣe jẹ́ kí àwọn yẹn mọ̀ wá rárá. Ó bá oníṣẹ́ abẹ sọ̀rọ̀, ó fún mi ní ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sí i àti ike oògùn tèmi, kí n lò ó, kí ẹsẹ̀ má kanlẹ̀.

Bí mo ṣe dé ṣọ́ọ̀bù, Bàbá Aláago ti wà lábẹ́ ẹ̀rọ mi pẹ̀lú irinṣẹ́ tí kò tóbi ju ìṣáná lọ. Ó tú irin ìtẹ̀ tí mo ń fẹsẹ̀ tẹ̀, ó fi ìwé ìròyìn wé e, ó fi sínú báàgì rẹ̀.

"Ẹ dá a padà!" ni mo pariwo.

"Ọjọ́ tí ẹsẹ̀ bá jinná, ẹ ó rí i gbà."

Ó fi ọwọ́ ìdìmú kékeré kan sára táyà ẹ̀rọ, pé ọwọ́ ni kí n máa fi yí i. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni mo fi rán aṣọ mẹ́rin. Ojú ìrán mi wọ́ kiri bí ẹni tó mutí yó, ọmọ kan ń bẹ nílé ìwé yẹn dòní tí apá ọ̀tún aṣọ rẹ̀ gùn ju tòsì lọ.

Lọ́jọ́ tí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà náà pé, Dókítà Onírúlà tẹ́ ọ̀rá sí àtẹ́lẹsẹ̀ mi, ó gbé bíírò, ó wá ohun tó máa fa ìlà yí ká, kò rí i. Ó fi rúlà sí i. Kò rí ohun tó máa wọ̀n. Ó fi rúlà padà sápò jẹ́jẹ́, ó sì di ẹsẹ̀ mi mú fún ìgbà díẹ̀.

Bàbá Aláago ti ń dúró dè mí ní ṣọ́ọ̀bù. Ó tú ìwé ìròyìn. Ó ti fọ irin ìtẹ̀ náà, ó ti fi epo pa á, ó ń dán. Mo gbà á, mo wò ó tìfẹ́tìfẹ́. Ẹsẹ̀ ọ̀tún mi ti na ara rẹ̀ sábẹ́ ẹ̀rọ, mi ò rán an níṣẹ́. Mo wé irin náà padà sínú ìwé ìròyìn, mo gbé e lé e lọ́wọ́.

"Ẹ ṣì bá mi tọ́jú ẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì sí i," ni mo wí. "Ẹsẹ̀ ti jinná, Bàbá Aláago. Èmi tí mo ni ín ni mi ò tíì jinná."